Ta Ló Ni Orúkọ Tó Tún Jí? Láti Inú Àpótí Onígìtá Dé Cow Lane

Àwọn onígìtá mọ àpótí irin kékeré kan tí wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bí wọ́n bá wà lórí pèpéle. Waya gìtá á wọ ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, á jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì lọ sínú áńpù. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ohùn gìtá yóò yí padà. Ó lè há bí ohùn ẹni tí òtútù mú, ó lè máa ké wáà-wáà bí ọmọ ọwọ́, ó sì lè máa dá ara rẹ̀ lóhùn bí ẹni tó ń pariwo láàárín òkè méjì. Pẹ́dàlì ni wọ́n ń pè é. Ó kéré débi pé ó lè wọ àpò agbádá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí àwa oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń sá fún tipẹ́: kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí orúkọ nígbà tí ọwọ́ tó dá a sílẹ̀ bá kúrò lórí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè, ká tó padà wálé. Ní ọdún 1992, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Jeorge Tripps bẹ̀rẹ̀ sí ṣe pẹ́dàlì tà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Ó sọ òwò rẹ̀ ní Way Huge, ó sì fún àwọn àpótí náà ní orúkọ ẹ̀fẹ̀ bíi Swollen Pickle àti Red Llama. Nígbà tó di ọdún 1999, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì lọ ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Láti ọjọ́ náà lọ ni iye owó àwọn àpótí tó ti tà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè. Ohun tí èèyàn lè rà tẹ́lẹ̀ láìronú wá di ohun tí àwọn olùkójọ ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Dunlop, tó jẹ́ àgbà nínú òwò yìí, gbé orúkọ Way Huge jáde padà. Kì í ṣe orúkọ nìkan ni Dunlop gbà. Wọ́n gba Tripps náà sílé, òun fúnra rẹ̀ ló sì jókòó ti iṣẹ́ náà. Olówó tuntun dé, ọwọ́ àtijọ́ sì wà níbẹ̀.

Ìtàn ti Electro-Harmonix yàtọ̀ sí èyí. Mike Matthews ló dá a sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1968. Àpótí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Big Muff gbajúmọ̀ kárí ayé. Ní àárín àwọn ọdún 1980, gbèsè pa ilé-iṣẹ́ náà. Matthews kò jókòó sunkún. Ó lọ sí Rọ́ṣíà, ó bẹ̀rẹ̀ sí ra àwọn tube tí áńpù ń lò níbẹ̀ láti tà ní Amẹ́ríkà. Èrè òwò yẹn ló fi gbé orúkọ àkọ́kọ́ dìde padà ní àwọn ọdún 1990. Ẹni tó ni orúkọ náà ló ṣubú, òun náà ló sì dìde.

Ẹ̀kẹta ni Maestro. Orúkọ yìí jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Gibson, òun ló sì wà lára pẹ́dàlì tó kọ́kọ́ sọ ohùn híhá di ọjà. Àṣìṣe ló bí ohùn náà. Ní Nashville, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n ń gba orin Marty Robbins sílẹ̀ nígbà tí nǹkan kan bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ tí ohùn ń gbà kọjá. Ohùn gìtá náà ya, ó há. Wọn ì bá ti jù ú nù, ṣùgbọ́n wọ́n fi sílẹ̀ nínú orin náà. Glenn Snoddy, ẹlẹ́rọ tó wà níbẹ̀, wá wádìí bí èèyàn ṣe lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú ohùn bẹ́ẹ̀. Gibson gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbé e jáde ní 1962. Kò tà tó bí wọ́n ṣe rò, àfi ìgbà tí Keith Richards ti ẹgbẹ́ Rolling Stones lò ó nínú orin kan ní 1965. Lẹ́yìn ìyẹn, Maestro rìn títí, ó sì dákẹ́. Ó dákẹ́ fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó di pé Gibson tún gbé orúkọ náà jáde ní 2022. Ohun tó wà nínú àwọn àpótí tuntun kì í ṣe ti àtijọ́ gan-an, àwọn tó ṣe é kì í sì í ṣe àwọn ti àtijọ́. Orúkọ ló kù, orúkọ náà ni wọ́n sì tà.

Ọ̀nà mẹ́ta rèé tí orúkọ òwò lè gbà jí: kí ọwọ́ àtijọ́ bá orúkọ lọ sọ́dọ̀ olówó tuntun, kí ẹni tó ṣubú gbé ara rẹ̀ dìde, tàbí kí orúkọ nìkan ṣẹ́ kù kí àwọn mìíràn sì fi iṣẹ́ tuntun kún inú rẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun kan dọ́gba. Ìwé wà. Àwòrán bí wọ́n ṣe so waya wà, òfin mọ ẹni tó ni orúkọ, àwọn tó lò ó sì rántí. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá sọnù, òkú náà kò ní jí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan lèyí. Ìlú gìtá ni Accra àti Èkó. Ní 1949, Ayinde Bakare mú gìtá oníná wọ inú orin jùjú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, E.T. Mensah àti ẹgbẹ́ Tempos rẹ̀ wá láti Accra ṣeré káàkiri Nàìjíríà, àwọn ọmọ Èkó bíi Bobby Benson àti Victor Olaiya sì mú hailáìfù di tiwọn. Geraldo Pino, ọmọ Sẹ̀ríà Léónè, gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn ohun èlò tó ń tàn yòò wá sí Accra àti Èkó ní àwọn ọdún 1960. Fela sọ pé bí òun ṣe rí i ni orí òun wú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1971, Santana, Wilson Pickett, àti Ike òun Tina Turner ṣeré ní Black Star Square, Accra. Ní àkókò yẹn, àwọn Psychedelic Aliens ti ń fi ohùn híhá ta gìtá ní Accra. Nígbà tó di 1973, Berkeley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu, tí wọ́n ń jẹ́ Blo, gbé àwo Chapter One jáde ní Èkó, nínú èyí tí gìtá ti ń ké, tó sì ń kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn àpótí tó ń ṣe ohùn wọ̀nyí kò díjú. Fuzz Face tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1966 kò ní ju transistor méjì àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké díẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tó mọ rédíò tún ṣe lè wo inú rẹ̀ kó sì lóye rẹ̀. Àwọn transistor àtijọ́ tí wọ́n fi germanium ṣe tún ní ìwà kan: ooru kì í bá wọn lára mu. Bí ooru bá mú wọn, ohùn wọn a yí padà. Àpótí tó dún dáadáa nínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù lè máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lábẹ́ oòrùn Accra. Ẹni tó bá ń tún un ṣe níbí ní láti mọ ohun tí ẹni tó ṣe é lóhùn-ún kò mọ̀. Ìmọ̀ nìyẹn, ìmọ̀ sì lówó lórí. Orúkọ Fuzz Face ṣì wà lọ́jà lónìí lábẹ́ Dunlop kan náà tó gba Way Huge. Ta ló wá mọ orúkọ àwọn tó ń jó ojú waya papọ̀ fún ẹgbẹ́ hailáìfù ní Accra?

Ibí ni Cow Lane ti wọ inú ọ̀rọ̀ wa. Òpópónà kan ni láàárín ọjà Accra, kò jìnnà sí Zongo Lane, Okaishie, Makola àti Opera Square, níbi tí wọ́n ti ń ta rédíò àti ohun èlò oníná títí di òní. Adúgbò yìí wà lára ibi tí àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò tó wá láti òkèèrè ti kọ́kọ́ tẹ̀dó ní Accra, àwọn Yorùbá sì wà nínú wọn. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Braimah, ọmọ Ìlọrin tó ń ṣòwò obì àti màlúù, di olórí àwọn Yorùbá ní ìlú náà, òkìkí rẹ̀ sì kàn láàárín gbogbo Mùsùlùmí ibẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ìnísà àti Ẹ̀jìgbò. Wọ́n tà aṣọ, wọ́n tà ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n tà kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀yà rẹ̀, wọ́n tà gbogbo ohun tí ilé ń lò. Àwọn Akan ń pè wọ́n ní Alatafo. Ní ìkànìyàn ọdún 1960, iye Yorùbá tó wà ní Ghana tó 100,000.

Bí wọ́n ṣe ń ṣòwò yẹ kí a wò dáadáa, nítorí níbẹ̀ ni agbára wọn wà, níbẹ̀ náà sì ni àìlera wọn wà. Ẹni tó bá ti rí ọwọ́ mú a ránṣẹ́ sílé, kí wọ́n fi ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò ránṣẹ́ sí i. Ọmọ náà á máa gbé ọjà, á máa kọ́ iye owó, á máa kọ́ èdè àwọn oníbàárà. Bó bá pẹ́, ọ̀gá rẹ̀ á fún un ní ọjà díẹ̀ kó fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àwìn ni wọ́n fi ń tà fún ará oko, àwìn ni wọ́n sì fi ń rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí ojú tí a mọ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu tí a gbà gbọ́. Orúkọ wà, ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn ni, kì í ṣe orúkọ òwò. Ṣọ́ọ̀bù kan kì í jẹ́ ohun mìíràn ju ti Bàbá báyìí tàbí ti Ìyá báyìí lọ.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n jáde kúrò ní Ghana. Ọ̀sẹ̀ méjì! Nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá, àwọn kan wà tí a bí sí Ghana, tí wọn kò tí ì fi ojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Wọ́n ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀. Ẹni tó ń jẹ wọ́n ní gbèsè mọ̀ pé bí òun bá fara pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá péré, gbèsè náà ti kú nìyẹn. Ní 1970, òfin mìíràn jáde tó ní àwọn ọmọ Ghana nìkan ló lè ṣe oríṣiríṣi òwò kéékèèké. Bí òṣùwọ̀n ọjà àti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ṣe bọ́ sọ́wọ́ olówó tuntun nìyẹn, ní Cow Lane àti ní ọjà gbogbo.

Mi ò ní kí a fi èyí dá Ghana nìkan lẹ́bi. Ní 1972, Nàìjíríà náà ṣe òfin tó gba òwò kan lọ́wọ́ àjèjì fún ọmọ onílẹ̀, ní oṣù Kìíní ọdún 1983 ni ìjọba Shagari sì lé àwọn ọmọ Ghana tó ju mílíọ̀nù kan lọ síta, tí a fi ń pe àpò onígun mẹ́rin kan ní "Ghana Must Go" títí di òní. Ojú kan náà ni wọ́n fi sunkún ní Aflao àti ní Ṣẹ̀mẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbígba òwò àti gbígba orúkọ. Nígbà tí Dunlop gba Way Huge, ohun tí wọ́n gbà ni ìgbẹ́kẹ̀lé tí Tripps ti kọ́ sínú ọkàn àwọn onígìtá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba òun náà. Nígbà tí òfin gba ṣọ́ọ̀bù ní Cow Lane, kò sí ohun tó gbà ju ògiri àti pákó lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé náà bá àwọn tó ni ín wọ lọ́rì, ó bá wọn kọjá Lọmé, ó sì tú ká. Àwọn ará oko Ghana tó ń ra ọjà ní àwìn tẹ́lẹ̀ rí i pé kò sẹ́ni tó ń tà á fún wọn mọ́. Àwọn olóko kòkó náà wá òṣìṣẹ́ tì.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí ohun tí àwọn bàbá wa lè ṣe. Ìwé wo ló lè dúró níwájú àṣẹ ìjọba? Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibòmíràn, níbi tí ọmọ Yorùbá kan ti ṣe é lọ́nà mìíràn. Seidou Adissa jẹ́ oníṣòwò ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Albarika Store ni ó pe òwò rẹ̀. Kò sí Yorùbá tí kò ní gbọ́ àlùbáríkà nínú orúkọ yẹn. Láti òpin àwọn ọdún 1960, ó bẹ̀rẹ̀ sí gba orin sílẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí àwo. Ẹgbẹ́ Poly-Rythmo ti Kútọnu, tí Mélomé Clément jẹ́ olórí rẹ̀, ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ fún un. Les Sympathics ti Àjàṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn orin náà ni wọ́n wá gbà sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ EMI ní Èkó, nítorí ẹ̀rọ tó dára wà níbẹ̀.

Òwò àwo dákẹ́ nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì àti àwọn tó ń jí orin tẹ̀ kún ọjà. Ṣùgbọ́n orúkọ Albarika Store wà lára àwo kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ orin wà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ṣeé ṣe, ní bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, fún ilé-iṣẹ́ Acid Jazz ní Lọ́ńdọ̀nù láti bẹ̀rẹ̀ sí tún àwọn orin náà tẹ̀ jáde lábẹ́ orúkọ Albarika Store gan-an. Bí ẹ bá yẹ àwo tuntun náà wò, orúkọ oníṣòwò Àjàṣẹ́ yẹn lẹ máa rí, kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Ọmọ Cow Lane àti ọmọ Àjàṣẹ́, ìran kan náà ni wọ́n, òwò kan náà ni wọ́n kọ́. Ẹni tó kọ orúkọ òwò rẹ̀ sára ọjà ni orúkọ rẹ̀ jí.

Síbẹ̀, jíjí orúkọ kò tíì tó. Ìbéèrè tó kù ni ta ló ń jẹ èrè rẹ̀. Olówó tuntun lè fi orúkọ àtijọ́ ta ọjà láìfún ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ní kọ́bọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àjíǹde, ìwú òkú ni. Mo gbà pé ohun mẹ́ta ló yẹ kí a máa bi ẹnikẹ́ni tó bá wá ra orúkọ ilé wa. Èkíní, ṣé ọwọ́ tó ṣe é, tàbí ọmọ ọwọ́ náà, wà nínú àdéhùn? Èkejì, ṣé iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ iṣẹ́ tí a mọ orúkọ náà mọ́, àbí àpò òfìfo ni wọ́n rà? Ẹ̀kẹta, ṣé ìwé owó wà tí àwa náà lè wò? Tripps lè dáhùn gbogbo rẹ̀. Èló nínú àwọn àgbà olórin wa tí wọ́n tún iṣẹ́ wọn tẹ̀ ní òkèèrè ló lè dáhùn méjì?

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Ghana fi hàn wá pé ìjọba lè pa iṣẹ́ láìlé ẹnikẹ́ni. Láti 1982 dé 1984, òfin kónílé-ó-gbélé fi ìyà jẹ ẹgbẹ́ tó ń fi alẹ́ ṣeré. Owó ibodè lórí ohun èlò orin sì ga débi pé àwọn onígìtá sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ohun èlò wà. Àwọn tó ń tún áńpù àti pẹ́dàlì ṣe lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ooru àti germanium, nípa ẹ̀yà tí èèyàn lè yọ lára rédíò fi dípò èyí tó jó, ó bá wọn lọ. Kò sẹ́ni tó yà á sórí bébà.

Àwọn àgbà ní iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. A máa ń pa òwe yìí níbi òkú, ṣùgbọ́n a kì í pa á níbi iṣẹ́. Òwò wa ṣì ń kú pẹ̀lú bàbá tó dá a sílẹ̀. Wọ́n ń sin ín lọ́jọ́ kan, wọ́n á kun pátákó ojú ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ á sì pín ilé. Ọmọ iṣẹ́ tó mọ ohun gbogbo kì í sí nínú ìwé ìpín, nítorí kì í ṣe ọmọ inú. Bẹ́ẹ̀ òun ni ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gan-an.

Ohun tó yẹ kò le. Kí ẹni tó bá ń ṣe áńpù, bàtà, ìlù tàbí aró fún iṣẹ́ rẹ̀ ní orúkọ tó yàtọ̀ sí tirẹ̀, kó sì fi orúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Kó ya bí iṣẹ́ náà ṣe rí sórí bébà, tàbí kó jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fi fóònù gbà á sílẹ̀. Kó kọ orúkọ ọmọ iṣẹ́ náà sínú ìwé, kó sì sọ ìpín rẹ̀. Kí ìlú Accra pẹ̀lú, tó ń fi orúkọ sọ òpópónà fún àwọn akọni òṣèlú, kọ sára ògiri kan ní Cow Lane pé àwọn Alatafo ṣòwò níbí, kí Èkó náà sì kọ ti àwọn ọmọ Ghana tó kọ́ ọmọ wa ní ilé-ìwé. Orúkọ tí a kò kọ síbì kan kò sí ẹni tó lè rà á, kò sí ẹni tó lè jí i dìde, ẹni tó bá sì fi ṣe tirẹ̀, kò sí ibi tí a ó ti pè é lẹ́jọ́.